Ẹ̀gbọ́n, Èló Ni Kí N Pè É?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Táìlì ni mò ń lẹ̀, ní Ìyànà Ìpájà níbí. Oníbàárà ò ní tíì kí mi tán lórí fóònù tó fi máa ní, "Èló lo máa gbà?" Bí mo bá dárúkọ owó, wọ́n á ní "Háà!", ó tán nìyẹn. Bí mo bá ní kí n kọ́kọ́ wá wo ibẹ̀, wọ́n á rò pé mo fẹ́ wá wo bí ilé wọn ṣe tó kí n tó bu owó lé wọn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n máa pè é ní ìlọ́po méjì, kí wọ́n lè rí nǹkan gé. Ní báyìí, ọ̀rẹ́ ìyá mi ní kí n wá ṣe pálọ̀ òun. Ojú ń tì mí láti bá wọn dúnàádúrà.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Èmi náà pè é ní ìlọ́po méjì fún bí ọdún mẹ́rin. Nígbà tí mo bá já a sí ìdajì, oníbàárà kì í dúpẹ́. Ńṣe ló máa ń wò mí bí olè tí ọwọ́ tẹ̀ kó tó jí nǹkan.

Ti orí fóònù yẹn rán mi létí pálọ̀ kan ní Sàngó Ọ̀tà. Bàbá tó ni ín sọ gígùn àti ìbú rẹ̀ fún mi, mo sì dárúkọ owó lójú ẹsẹ̀, tohun èlò tiṣẹ́ ọwọ́. Ọjọ́ tí mo débẹ̀, ọsàn bọ́ lọ́wọ́ ọmọ kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń yí lọ fúnra rẹ̀ títí ó fi kan ògiri kejì. Mo dúró, mò ń wo ọsàn. Ilẹ̀ náà dagẹ̀rẹ̀! Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà ni mo fi tún un tẹ́, àpò tèmi náà ló sì ti jáde, torí mo ti la ẹnu.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pè ọ́, sọ pé: "Mọ̀mí, iye báyìí ni mò ń gbà lórí mítà kan sí mítà kan fún iṣẹ́ ọwọ́. Mi ò tíì mọ iye mítà tó wà níbẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí n mú téèpù wá, ọ̀fẹ́ ni." Ẹni tí iye mítà kan bá ti lé sá, jẹ́ kó máa lọ.

Bó o bá débẹ̀, ṣírò ọ̀rọ̀ náà sókè, lójú wọn. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13 àbọ̀ irú mítà bẹ́ẹ̀. Páálí táìlì sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, ẹlẹ́yọ mẹ́rin, ń bo mítà 1.44. Páálí mẹ́wàá fún ilẹ̀, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ògiri. Kọ ohun èlò lọ́tọ̀, kọ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀, kọ ọjọ́ sí i, torí iye ọjà lè yí padà. O rántí bí àpò sìmẹ́ǹtì kan ṣe fò kọjá ₦10,000 ní 2024? Jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn lọ ra táìlì, ní ọjà Ọdúnadé l'Órílé tàbí ibi tó bá wù wọ́n. Owó ẹ̀yìn tí àwọn tó ń tà á máa ń fún wa, gbogbo oníbàárà ló mọ̀, wọn ò kàn sọ ọ́ ni.

Má bi àgbàlagbà pé èló ló wà lọ́wọ́ wọn. Ó dà bí ẹni tú etí ìró wọn wò níbi tí wọ́n di owó sí. Gbé táìlì oríṣi méjì sílẹ̀, sọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o dákẹ́. Bí wọ́n bá ṣì ní ó wọ́n, bi wọ́n pé, "Ibo lẹ fẹ́ ká fi sílẹ̀ ná?" Iṣẹ́ ni kó dín, kì í ṣe owó ọwọ́ rẹ.

Ní ti ọ̀rẹ́ ìyá rẹ, wo ìyá aláta lọ́jà. Kò ní tìtorí pé o jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ òun dín owó kóńgò, ẹ̀ẹ́ní ni yóò bù lé e. Gba owó rẹ pé, kí o wá fi àjẹkù táìlì ṣe ẹnu ọ̀nà wọn. Àdéhùn owó gbọ́dọ̀ ti parí kí o tó dárúkọ ẹnu ọ̀nà o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á tún gé e.

Kí o tó gbé téèpù lọ, kọ́kọ́ bi ìyá rẹ ohun tí wọ́n ti bá ọ ṣèlérí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi ti fi iṣẹ́ mi tọrẹ lẹ́yìn mi.