Kóòṣì tó pe ọmọ mi ti lọ: ṣé kí ọmọ náà fọwọ́ sí ìwé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Houston ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ìwé girama, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni ó ń gbá, ó sì wà lára àwọn géńdé tó ń to ìlà níwájú láti dáàbò bo quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Láti oṣù Kẹfà ni ó ti fẹnu sọ pé yunifásítì kan ni òun ń lọ, wọ́n sì ti ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n lé kóòṣì àgbà ibẹ̀, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí àwọn ọmọ tó fọwọ́ sí ìwé. Bàbá rẹ̀ ní kí ó tẹ̀lé kóòṣì náà lọ síbi yòówù tí ó bá gba iṣẹ́ sí. Èmi ní kí ó fọwọ́ sí ti yunifásítì náà, kí àǹfààní ẹ̀kọ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ wa. Kí ni kí a ṣe? Ìyá ọmọ kan, Houston, Texas.

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá ọmọ, Mà. Iṣẹ́ mi ni láti máa gba àwọn òbí àti àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nímọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe ń wọ yunifásítì, kò sì sí oṣù Kọkànlá kan tí irú ìbéèrè yìí kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ da àárín ẹ̀yin àti Bàbá rú, ìdí nìyí tí n óò fi ṣàlàyé rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá, nítorí pé ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ní ẹjọ́ tí ẹ lè rò, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Títí di òní, kò sí ohun tó de ọmọ yín mọ́ yunifásítì náà, kò sì sí ohun tó de yunifásítì náà mọ́ ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó sọ ní oṣù Kẹfà, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ni kóòṣì náà fi dá a lóhùn. Òfin NCAA, ìyẹn àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, gba yunifásítì láyè láti kọ ìlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sínú ìwé ránṣẹ́ sí ọmọ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún tí ó bá wọ kíláàsì àṣekágbá. Ẹ bi ọmọ yín léèrè bóyá ó ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ ti gbà á, ọjọ́ tí ọmọ, òbí àti yunifásítì bá jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó di ti òfin. Láti ọdún 1964 ni ìwé kan tí wọ́n ń pè ní National Letter of Intent ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdéhùn náà, ṣùgbọ́n wọ́n fòpin sí i ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àdéhùn ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ nìkan ló sì kù. Kókó kan kò yí padà láti ayé ìwé àtijọ́ yẹn: yunifásítì ni ọmọ ń bá ṣe àdéhùn, kì í ṣe kóòṣì. Kóòṣì ló wá jókòó nínú pálọ̀ yín, òun ló jẹ ìrẹsì yín, òun ló pe ọmọ yín ní ọmọ òun, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kọ́ ni ẹ óò bá nínú àdéhùn yẹn.

Ní ti ohun tó ń lọ nínú ọ́fíìsì ìkọ̀ bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, wọ́n ti fa ọ̀kan nínú àwọn igbákejì kalẹ̀ láti di ipò náà mú. Àwọn kóòṣì kéékèèké tó kù kò mọ̀ bóyá ẹni tuntun yóò mú àwọn mọ́ra tàbí yóò kó àwọn tirẹ̀ wá. Wọ́n ṣì ń pe ọmọ yín lálaalẹ́ pé kí ó dúró, kí ó má mikàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn fúnra wọn ń wáṣẹ́ kiri ní ọ̀sán. Àwọn yunifásítì mìíràn pẹ̀lú ti gbọ́, wọ́n sì ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Adìẹ bà lókùn ni: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ọjọ́ ìfọwọ́sí ìwé ni ó tún mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Kí ọdún 2017 tó dé, oṣù Kejì nìkan ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ń fọwọ́ sí ìwé, kóòṣì tuntun sì máa ń rí àyè láti mọ àwọn ọmọ tí ó bá nílẹ̀. Lọ́dún 2017 ni wọ́n fi àsìkò kejì kún un nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí ó sì di ọdún 2024, wọ́n tún fà á síwájú sí Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù náà. Nítorí èyí, yunifásítì tó bá fẹ́ lé kóòṣì kì í fẹ́ dúró kí ìdíje parí mọ́. Ọdún 2025 fi èyí hàn kedere. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ni yunifásítì Penn State lé James Franklin, kóòṣì àgbà wọn. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, Virginia Tech ti gbà á síṣẹ́. Nígbà tí ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá pé tí àwọn ọmọ ń fọwọ́ sí ìwé, Penn State kò tíì kéde ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ péré ló sì fọwọ́ sí ti Penn State lọ́jọ́ náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti fẹnu sọ pé ibẹ̀ làwọn ń lọ ti bá Franklin lọ sí Virginia Tech. Lẹ́yìn náà ni Penn State wá mú Matt Campbell láti Iowa State, àwọn ọmọ kan tí Iowa State ti fojú sí sì tẹ̀lé òun náà. Ẹ rí i pé ilé-ìwé mẹ́ta ni lílé ènìyàn kan ṣoṣo ti mì, àti àwọn ìdílé tí n kò lè ka iye wọn.

Ibi tí àníyàn mi pọ̀ sí jù lórí ọmọ tiyín ni ojú tí kóòṣì tuntun yóò fi wò ó. Kóòṣì kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, àwọn tó ń to ìlà níwájú ni ìyàtọ̀ náà sì máa ń kọ́kọ́ bá. Ẹ wo Georgia Tech: láti ọdún 2008 títí di 2018 ni Paul Johnson fi darí ibẹ̀, ètò tí wọ́n ń pè ní option ni ó sì ń lò, èyí tí wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sáré nílẹ̀ tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jù ú. Àwọn géńdé tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí ara wọn fúyẹ́ díẹ̀, ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, Geoff Collins dé, ó fẹ́ kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù, èyí sì ń fẹ́ àwọn géńdé tó tóbi tí wọ́n lè dúró gbọin-gbọin kí quarterback tó ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ìgbà mẹ́ta péré ni wọ́n ṣẹ́gun nínú méjìlá lọ́dún 2019. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ kò yọ̀lẹ. Ètò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè wọ́n ni kò sí mọ́. Nítorí náà, ẹ wádìí ìwọ̀n ọmọ yín àti ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù, kí ẹ sì fi wé irú bọ́ọ̀lù tí ẹni tuntun náà gbá níbi tí ó ti ń bọ̀.

Àyè pàápàá ti dín kù sí ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ ti fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ House, ìyẹn ẹjọ́ tí àwọn eléré ìdárayá pe NCAA lórí ọ̀rọ̀ owó, ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, àwọn yunifásítì tó wọ inú àdéhùn náà kò gbọdọ̀ ní ju agbábọ́ọ̀lù 105 lọ nínú ìkọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ni kóòṣì tuntun lè ra àgbà agbábọ́ọ̀lù láti inú transfer portal, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ yunifásítì, ó sì sábà máa ń fẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógún tó ti mọṣẹ́ ju ọmọ ọdún méjìdínlógún tí òun fúnra rẹ̀ kò yàn. Mo rántí ọmọ kan tí mo bá ṣiṣẹ́, tí yunifásítì kan pè lórí fóònù nígbà tí ìfọwọ́sí ku ọjọ́ mẹ́jọ, tí wọ́n sọ fún un tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé kò sí àyè mọ́. Oṣù mọ́kànlá ni ó ti fi kọ gbogbo ilé-ìwé mìíràn nítorí tiwọn. Òfin kankan kò ṣẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣe, ọkàn mi kò sì tíì fara mọ́ ọn títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n wá dá Bàbá lóhùn. Títẹ̀lé kóòṣì kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Nígbà tí kóòṣì Lincoln Riley fi yunifásítì Oklahoma sílẹ̀ lọ sí USC ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Caleb Williams tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún un tẹ̀lé e, ó sì gba Heisman, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó ta yọ jù lọ, lọ́dún kejì. Ṣùgbọ́n quarterback ni, àyè rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń lọ. Kóòṣì tí wọ́n lé lè jókòó sílé ní ọdún kan gbáko: nígbà tí Texas A&M lé Jimbo Fisher ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, owó tí wọ́n jẹ ẹ́ lórí àdéhùn rẹ̀ ju mílíọ̀nù 75 dọ́là lọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì ní ìdí láti kánjú. Ó sì lè gba iṣẹ́ síbi tí àwọn géńdé iwájú ti pé jọ. Bí ó bá tilẹ̀ rí iṣẹ́ ńlá, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò pẹ́ níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni àdéhùn kóòṣì Brian Kelly nígbà tí ó kúrò ní Notre Dame lọ sí LSU lọ́dún 2021, ọdún kẹrin rẹ̀ ni wọ́n sì lé e. Ọmọ yín lè tẹ̀lé ẹni tó mọ̀ ọ́n, bí ẹni náà bá ti rí iṣẹ́, tí ó sì ti kọ ìlérí tuntun ránṣẹ́ lórúkọ yunifásítì tuntun. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ká.

Ní ti èyí tí ẹ̀yin wí, Mà, ẹ ní òótọ́ ńlá kan. Nígbà tí ọmọ bá ti fọwọ́ sí ìwé, òfin kò gbà kí wọ́n gé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ kù láàárín ìgbà tí àdéhùn náà kà nítorí pé kò gbá bọ́ọ̀lù dáadáa tàbí pé ó fara pa. Ẹ béèrè bóyá ọdún kan ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí ọdún mẹ́rin, nítorí ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò dáàbò bo àyè rẹ̀ lórí pápá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kóòṣì yunifásítì mìíràn kò gbọdọ̀ máa fà á mọ́ra mọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá gbé ìwé owó kan dání pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń pín owó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù láti oṣù Keje ọdún 2025, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kà á kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò, nítorí àwọn kan wà nínú wọn tó ń béèrè owó lọ́wọ́ ọmọ tó bá kúrò kí àdéhùn tó pé.

Ẹ má sì rò pé dídúró ní láti já sí òfò. Moro Ojomo, ọmọ orúkọ wa láti Katy lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀, wà ní yunifásítì Texas nígbà tí wọ́n lé Tom Herman ní oṣù Kìíní ọdún 2021 tí Steve Sarkisian sì gba ipò rẹ̀. Ó dúró, ó gbá bọ́ọ̀lù ọdún méjì sí i lábẹ́ ẹni tuntun náà, Philadelphia Eagles, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi bọ́ọ̀lù náà ṣiṣẹ́ ṣe, sì mú un lọ́dún 2023. Ọ̀nà ti Julian Sayin yàtọ̀: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Alabama ní oṣù Kìíní ọdún 2024 nígbà tí Nick Saban, kóòṣì àgbà ibẹ̀, kéde pé òun fẹ̀yìn tì, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ó sì ti kọjá sí Ohio State, níbi tí ó ti wá di quarterback tó ń bẹ̀rẹ̀ eré fún wọn lọ́dún 2025. Lábẹ́ òfin tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2025, ọmọ tó ti wà nínú ìkọ̀ ní ọjọ́ 15 láti wọ transfer portal bí wọ́n bá yí kóòṣì àgbà padà, ọjọ́ náà sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n ti kéde ẹni tuntun. Òfin yìí ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ tún bi wọ́n léèrè kí ẹ tó gbójú lé e.

Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ní yìí, kí ọmọ yín fúnra rẹ̀ pe àwọn yunifásítì mẹ́ta tí ó kọ̀ ní oṣù Kẹfà, kí ó béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá àyè ṣì wà; kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni nípa bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kéde kóòṣì tuntun kí ọjọ́ ìfọwọ́sí tó pé, òfin gbà kí ọmọ tí wọ́n ti gbà lálejò lówó yunifásítì tún lọ ní ẹ̀ẹ̀kejì nítorí ìyípadà kóòṣì àgbà, ẹ sì bá a lọ. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn tó ń to ìlà níwájú, kí ẹ sì ní kí kóòṣì àgbà fúnra rẹ̀ sọ iye irú wọn tí òun fẹ́ mú lọ́dún yìí àti ibi tí ọmọ yín wà nínú ètò náà. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ yín yóò dáhùn láìyí ọ̀rọ̀ po.

Bí wọn kò bá tíì rí kóòṣì nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọmọ náà ronú bí ẹni pé eékún rẹ̀ dá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó débẹ̀: ṣé ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ wà níbẹ̀, ṣé ó sì lè fi ọdún mẹ́rin gbé ìlú náà láìsí bọ́ọ̀lù? Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó fọwọ́ sí i, èrò tiyín ló borí. Bí ó bá jẹ́ pé kóòṣì nìkan ló fà á lọ síbẹ̀, kí ó dúró de Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì, bí ó bá ti ní ìwé ìlérí ilé-ìwé mìíràn kan ó kéré tán lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ àyè ti máa ń kún kí oṣù Kejì tó dé. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń mójú tó òfin NCAA ní yunifásítì náà, kì í ṣe sí ìkọ̀ bọ́ọ̀lù, kí ẹ béèrè nínú rẹ̀ bóyá ìlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọmọ yín ṣì dúró, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ èsì wọn sílẹ̀.