Èwo ni kí ẹgbẹ́ iṣẹ́ wa fi máa yanjú ìṣòro: 5 Whys, 8D, DMAIC tàbí A3?

Bí ìṣòro náà ṣe tóbi tó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe èyí tí orúkọ rẹ̀ ń dún jù létí.

Bó bá jẹ́ nǹkan kékeré tí ẹni mẹ́ta lè jókòó tì fún wákàtí kan, 5 Whys ti tó. Toyota ló ti wá: ẹ ó máa bi ara yín pé "kí ló fà á?" títí ẹ ó fi kan gbòǹgbò. Márùn-ún kì í ṣe òfin o, ẹ lè dé ibẹ̀ ní ìkẹta. Àléébù rẹ̀ ni pé ipa ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa ń tọ̀, bẹ́ẹ̀ ìṣòro míì ní ìdí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Nírú èyí, ẹ ya àwòrán egungun ẹja ti Kaoru Ishikawa, ọmọ Japan onímọ̀ ìdárasí ọjà, mọ́ ọn: ìṣòro ni orí ẹja, àwọn ìdí rẹ̀ sì ni egungun.

Tí ọjà tó lábùkù bá ti dé ọwọ́ oníbàárà, 8D, ìyẹn ìgbésẹ̀ mẹ́jọ tí ẹgbẹ́ máa ń tọ̀ láti yanjú ìṣòro, ni o. Ford ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1987. Ìgbésẹ̀ kẹta rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: ẹ kọ́kọ́ dá ìpalára dúró ná, kí ẹ tó máa wá ìdí.

DMAIC (ẹ sọ ìṣòro náà ní pàtó, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò, ẹ tún un ṣe, ẹ sì máa ṣọ́ ọ) jẹ́ ti Six Sigma, ìlànà dídín àbùkù kù tó bẹ̀rẹ̀ ní Motorola ní 1986. Ó máa ń gba oṣù mélòó kan àti dátà púpọ̀. Bí ẹ ò bá ní ohun tí ẹ lè wọ̀n, ẹ má wulẹ̀ dáwọ́ lé e.

A3 ńkọ́? Ojú ìwé kan péré ni gbogbo rẹ̀: ìṣòro, ìdí rẹ̀ àti ojútùú, lórí bébà tí wọ́n ń pè ní A3. Ó dára fún ẹgbẹ́ tí ọ̀gá wọn kì í ka ìwé gígùn.