Ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kí a ti máa kọ́ ọmọbìnrin bí yóò ṣe mọ ohun tó ń ṣe é nínú?

Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 2 sí 3 ni, nígbà tí ọmọ ti ń lè sọ pé inú ń bí òun tàbí pé ẹ̀rù ń ba òun. Kí òbí tó bá a wí, kí ó kọ́kọ́ bá a dárúkọ ohun tó ń ṣe é: "Inú ń bí ẹ torí àbúrò rẹ gba bọ́ọ̀lù, àbí?"

Ìgbà ìbàlágà ló gba sùúrù jù. Láàárín ọmọ ọdún 8 sí 13 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọbìnrin, bẹ́ẹ̀ apá ọpọlọ tí ènìyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu kì í gbó tán títí di nǹkan bí ọdún 25. Ẹkún òjijì kì í wá ṣe àìgbọràn nígbà gbogbo. Ní Èkìtì, àsìkò yìí gan-an ni àwọn kan ń lọ sí bọ́dìn, ní Adó tàbí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí wọn kì í rí òbí lójoojúmọ́. Bí ọmọ bá wá sílé fún ìsinmi, ìbéèrè bíi "Kí ló dùn ẹ́ jù ní táàmù yìí?" dára ju "Ṣé kò sí?" lọ, torí "kò sí" náà ni yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó gbà á nímọ̀ràn.

Bí ìbànújẹ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ 2, tí kò jẹun tàbí sùn dáadáa, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó bá ní òun fẹ́ kú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.