Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ tó ń sín nínú ọgbà wa ní Ìkòròdú lè kó fúlù ràn wá?

Ó lè ṣẹlẹ̀. Àmọ́ àwa ènìyàn la máa ń kó o ran ẹlẹ́dẹ̀ jù, ọ̀pọ̀ ò sì mọ èyí. Fúlù ènìyàn àti ti ẹyẹ lè pàdé lára ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n dàpọ̀, kí irú tuntun jáde. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni H1N1, irú fúlù tó gba ayé kan ní 2009 ti ṣẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà ẹran fi ń fi òwú nu ihò imú ẹlẹ́dẹ̀, tàbí kí wọ́n so okùn kọ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ máa jẹ ẹ́ lẹ́nu, kí wọ́n lè yẹ itọ́ rẹ̀ wò. Ẹran tó jinná dáadáa kì í kó o ranni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tí fúlù ń ṣe má wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀, ẹ má sì da pẹ́pẹ́yẹ pọ̀ mọ́ wọn.