TLD àti oògùn ẹ̀jẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹja ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Aago 9 alẹ́ ni mo máa ń lo TLD, oògùn HIV mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ní irin nínú. Ṣé mo lè lò wọ́n pọ̀? Bí mo bá gbàgbé ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń so mọ́ dolutegravir, ọ̀kan lára àwọn oògùn inú TLD, ara kò sì ní rí i fà tó. Bẹ́ ẹ bá lò wọ́n pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ lè lò wọ́n pọ̀. Láìjẹun, ẹ lo TLD ní wákàtí 2 ṣáájú oògùn ẹ̀jẹ̀, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ọgbẹ́ inú tó ní magnesium tàbí aluminium le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bẹ́ ẹ tiẹ̀ jẹun, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fi àyè wákàtí yẹn sáàárín òun àti TLD.

Bẹ́ ẹ bá gbàgbé TLD, ẹ lò ó ní kété tẹ́ ẹ bá rántí, àfi bó bá ti ku wákàtí 4 sí àkókò èyí tó kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo hóró méjì pọ̀.