Màmá Nọ́ọ̀sì Dáhùn: Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lórí òkè Perú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Manchester ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 17 ń lọ sí Perú ní oṣù Keje, ọjọ́ mẹ́sàn-án la máa lò. Àwọn ọmọ ti rí i lórí fóònù pé èèyàn lè gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lórí òkè Andes, tòun ti amọ̀nà, wọn ò sì jẹ́ ká rímú mí mọ́. Mo gun ọ̀kadà fún ọdún mẹ́rin ní Ìlọrin, nítorí náà ẹ̀rọ ò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé AS ni ìyàwó mi, mo sì gbọ́ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kéré. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi lọ̀ wá: ti Maras àti Moray, níbi tí ikùdù iyọ̀ àti kòtò àtijọ́ wà, tàbí ti Òkè Òṣùmàrè. Ọjọ́ kejì tá a bá dé gan-an làwọn ọmọ fẹ́ ká lọ. Èwo ni ká mú? — Bàbá Ìbejì

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìtọ́jú ìyàwó. Ti Maras àti Moray ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má lọ lọ́jọ́ kejì. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kẹrin. Bẹ́ ẹ ò bá ráyè ka ìyókù, ìyẹn náà tó.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ó ti ṣe mí rí. Ọmọ ọdún 61 ni mí nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi fà mí lọ sí Cusco, ìlú kan lórí òkè Andes ní Perú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti fi ọdún 36 tọ́jú aláìsàn, ẹ wá jayé díẹ̀." Ọ̀sán la balẹ̀. Mo gbé báàgì mi gun àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì fúnra mi, mo jẹ ẹran sísun àti pòtétò ní àjẹyó, mo ní kí ọmọ mi yà mí ní fọ́tò. Nígbà tó di aago méjì òru, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú tọ́lẹ́ẹ̀tì, orí mi ń lù bí ẹni pé wọ́n ń gúnyán nínú rẹ̀. Èmi tí mo ti ń kìlọ̀ fún àwọn ẹlòmíì! Soroche ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àìsàn tí afẹ́fẹ́ fífẹ́lẹ́ orí òkè ń fà. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ò tiẹ̀ bi mí pé kí ló dé. Ó kàn gbé ife omi ewé gbígbóná kan wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tá a mọ̀ wọ̀n ọ́n fún yín. Òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, 2,419 mítà ni. Cusco, níbi táwọn èèyàn ti ń ta búrẹ́dì tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wà ní nǹkan bí 3,400 mítà. Òkè Òṣùmàrè, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Vinicunca, lé ní 5,000. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ò kúrò ní ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, òkè ni o, etíkun ni o. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló fẹ́lẹ́. Bẹ́ ẹ bá mí lẹ́ẹ̀kan ní Cusco, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tẹ́ ẹ máa rí gbà ní Èkó lẹ máa rí. Lórí Vinicunca, díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ti balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Cusco, ẹ má sùn nílùú náà. Ẹ wọ takisí sọ̀ lọ sí Urubamba tàbí Ollantaytambo nínú àfonífojì. Ìkankan nínú wọn ò tó 2,900 mítà. Ẹ sùn níbẹ̀ fún òru mẹ́ta. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ máa mu omi, ẹ fi ọtí sílẹ̀.

Ó kan ìyàwó yín. AS kì í ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ AS ló sì ń gòkè tó ń sọ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ́síjìn bá ti kéré, hóró ẹ̀jẹ̀ wọn kan lè tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, kó dínà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀yà ara kan lábẹ́ ìhà òsì, èyí tí àwa nọ́ọ̀sì ń pè ní spleen. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan lórí òkè tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé AS làwọn. Ìrora náà kì í fara sin: lójijì ni, lábẹ́ egungun ìhà òsì, ó sì lè ta dé èjìká. Bó bá ṣe é, ẹ má pè é ní gáàsì. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì tètè sọ fún wọn pé AS ni, nítorí ọkàn dókítà ibẹ̀ lè má lọ síbẹ̀.

Ta ló tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà wo? Mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ẹni tó ti ń pe ara rẹ̀ ní AS láti ilé ẹ̀kọ́ girama, tá a tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, tó já sí SC. Ẹlòmíì tó jẹ́ SC lè máa rìn káàkiri bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, àfi ìgbà tó bá dé orí òkè. Ẹ ní kó tún un ṣe kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ SC tàbí SS, ẹ má gbé e débẹ̀ rárá. Lima, olú-ìlú Perú, wà létí òkun, oúnjẹ ibẹ̀ sì dùn.

Dókítà yín lè fún yín ní acetazolamide láti dín soroche kù. Bí oògùn sulfa bá máa ń bá ara ẹnikẹ́ni nínú yín jà, ẹ sọ fún un. Oògùn náà máa ń mú kí ọmọ ìka ṣe èèyàn bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀, ó sì máa ń mú kí ìtọ̀ gbọ̀n èèyàn ṣáá. Lórí pápá tí alùpùpù ti ń gbéra, kò sí igbó tí àgbàlagbà lè sá wọ̀. Mo ti sọ ọ́ o.

Wàyí o, ọ̀kadà. Èyí tẹ́ ẹ gùn ní Ìlọrin, ẹ fi í sílẹ̀ ní Ìlọrin. Bí ọ̀kadà bá fẹ́ ṣubú, ẹsẹ̀ lẹ kọ́kọ́ máa sọ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dán ìyẹn wò lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, táyà ẹ̀yìn á gun ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lórí ìtẹ̀sẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ ti ń pariwo Jésù. Ọ̀kadà máa ń tẹ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́ yà. Èyí ò ní tẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbé ara yín sí ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ ń yà sí. Bẹ́ ẹ bá ń gòkè, ẹ tẹ̀ síwájú. Bẹ́ ẹ bá ń sọ̀, ẹ fà sẹ́yìn. Àtàǹpàkò ọ̀tún lẹ fi ń fún un níná, títẹ̀ ni, ẹ ò ní lọ́ ọ. Àtàǹpàkò tèmi wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè ṣí ìdérí ike omi.

Ẹ má sì bínú sí ẹ̀rọ náà bó bá ń wúkọ́ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ́ńjìnnì oníkábúrétọ̀ ń jẹ afẹ́fẹ́ mọ́ epo ni. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́lẹ́, epo á pọ̀ jù fún un. Ní gíga yẹn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ló máa ń sọnù. Èmi àti ẹ̀rọ mi jọ ń mí hẹlẹhẹlẹ ni.

Aago mẹ́jọ ni wọ́n wá gbé wa, ní ọjọ́ kẹrin tí ara mi ti balẹ̀. A gba Chinchero kọjá, a dé Cruzpata, níbi tí wọ́n to àwọn alùpùpù sí. Amọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n bí ládùúgbò náà, kò gbà kí n dé akoto lé gèlè. Mo rojọ́ títí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pè mí ní mamita, ó sì na ọwọ́ kalẹ̀ kí n gbé gèlè náà fún òun. Ó wé e mọ́ mi lọ́rùn, ó fi etí rẹ̀ bò mí nímú. Ọgbọ́n gidi ni: eruku ibẹ̀ pupa, ó sì kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Nígbà tí mo tú gèlè lálẹ́, ibi tí imú mi wà ti pọ́n róbótó lára aṣọ.

Ìdajì wákàtí ló fi ní ká máa yí pápá kan po kó tó jẹ́ ká bọ́ sọ́nà. Bí amọ̀nà tiyín bá ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ láìdán yín wò, ẹ sọ̀ kalẹ̀. A tò tẹ̀ lé ara wa. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí tẹ̀yìn bá sún mọ́ ti iwájú jù, eruku nìkan ló máa rí. Oṣù Keje lèmi náà lọ: wọ́n ti ń kórè bálì, pápá gbẹ, ó pọ́n fẹ́ẹ́, yìnyín sì funfun lókèèrè lórí òkè Chicón àti òkè Verónica. Láàárọ̀, òtútù mú mi dé egungun. Lọ́sàn-án, oòrùn bó ètè mi. Ẹ má ní àwọ̀ dúdú kì í jóná.

Moray la kọ́kọ́ yà sí. Kòtò róbótó ńláńlá ni, àwọn Inca, tó ń jọba níbẹ̀ kí àwọn ará Sípéènì tó dé, fi òkúta tò ó ní ìpele-ìpele wọnú ilẹ̀ bí abọ́ tí wọ́n kó sínú ara wọn. Èyí tó tóbi jù jìn tó 30 mítà. Ooru ìsàlẹ̀ ò dọ́gba pẹ̀lú ti òkè, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán irúgbìn wò. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kí n tó rántí pé màá tún gòkè. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè, tó lé ní 600, mọ bí orúnkún ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ wá yọ ìdá kan nínú mẹ́ta afẹ́fẹ́ kúrò nínú ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dúró "ya fọ́tò".

Bẹ́ ẹ bá dé ìlú Maras, ẹ gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà àwọn ilé àtijọ́: àmì ìdílé wà lára òkúta wọn láti ayé àwọn ará Sípéènì. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ gbé wa sọ̀ lọ síbi iyọ̀, Salineras. Omi oníyọ̀ kan ń sun láti inú òkè, kò fẹ̀ ju ìgbésẹ̀ kan lọ. Òun ló ń bọ́ ikùdù tó lé ní 3,000, tí àwọn ìdílé àdúgbò náà pín láàárín ara wọn. Wọ́n á ṣí omi sínú ikùdù, wọ́n á dí i, oòrùn á fa omi, iyọ̀ á kù. Wọ́n ti ń ṣe é kí Inca tó dé. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò rìn láàárín ikùdù mọ́, ṣùgbọ́n mo ti ìka bọ omi létí ọ̀nà, mo lá a, ó tá mi lẹ́nu. Kò pẹ́ tí ìka náà fi gbẹ, ó funfun báláú bí ìka ẹni tó ń po ẹfun.

Ibi tó dùn mí ni owó. Ilé-iṣẹ́ tó gbé wa lọ ò sọ fún wa pé owó alùpùpù ò kan owó ẹnubodè. Moray wà lára ìwé ìwọlé tí wọ́n ń pè ní boleto turístico: 70 soles, owó Perú, ni mo san fún apá tó kan Moray, odindi rẹ̀ sì jẹ́ 130. Ti iyọ̀ yàtọ̀, àwọn ará Maras ló ń gbà á. Káàdì nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi ní láti yá owó lọ́wọ́ tọkọtaya ará Brazil tá a jọ lọ. Ojú gbà mí tì. Ẹ mú owó soles dání. Ẹ béèrè bóyá ọmọ ọdún 17 lè dá wà á, nítorí ọ̀pọ̀ ní ó di 18. Àwọn ìbejì lè ní láti jókòó sẹ́yìn yín, ẹ ó sì gbọ́ ariwo wọn dé Moray. Ẹ tún ka ìwé adójútòfò ìrìn-àjò yín: ọ̀pọ̀ ni kò kan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, òmíràn ò sì kan ibi tó bá ga kọjá ìwọ̀n kan.

Òkè Òṣùmàrè ńkọ́? Àwọ̀ rẹ̀ dára lóòótọ́, irin àti àwọn ohun alumọ́ọ́nì mìíràn ló kùn ún. Ṣùgbọ́n òru dúdú ni wọ́n á jí yín, ẹ ó wọ ọkọ̀ fún wákàtí mélòó kan, ẹ ó gun alùpùpù, ẹ ó tún fẹsẹ̀ rìn, nítorí alùpùpù kì í dé orí rẹ̀. Ẹ̀yin àti ìbejì, ní ọjọ́ keje, ó ṣeé ṣe. Ìyàwó yín, rárá. Kó lọ jókòó sí ọjà Pisac, kó máa ná aṣọ. Bẹ́ ẹ bá sì lè yẹra fún ọjọ́ 28 oṣù Keje, ẹ yẹra fún un. Àyájọ́ òmìnira Perú ni, èrò máa ń pọ̀.

Ìbéèrè: Màmá, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì máa ń yẹ ìtọ̀ wa wò níbi iṣẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ṣé tíì ewé koka tí wọ́n ń mu ní Cusco lè hàn? — Awakọ̀, Peckham

Ìdáhùn: Ó lè hàn. Ẹ má mu ún. Inú ewé yẹn ni wọ́n ti ń yọ kokéènì. Ife tíì kan ò ní pa yín bí ọtí, àmọ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò ò mọ tíì yàtọ̀ sí ìyẹ̀fun. Àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ ewé náà lẹ́nu bá a ṣe ń jẹ obì, láti ayé baba ńlá wọn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀gá yín ò ní gbọ́ ìtàn baba ńlá. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní muña, ewé tó ń ta sánsán bíi míǹtì. Òun ni ọmọbìnrin òtẹ́ẹ̀lì yẹn gbé fún mi ní òru ọjọ́ kìíní, ó sì tu inú mi lára. Ẹ má di ewé koka kan ṣoṣo bọ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ì báà wà nínú páálí tíì. Òfin ò gbà á.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 68 ni mí, Ìbàdàn ni mo wà. Orúnkún ọ̀tún ń yọ mí lẹ́nu, àbúrò mi sì ní kí n wá bá òun gun alùpùpù yìí ní Perú. Ṣé ó ṣeé ṣe? — Màmá Bọ̀sẹ̀

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó sẹ́yìn amọ̀nà, ẹ má wà á. Ẹ̀yìn ló máa ń jẹ ìyà gbágágbágá ojú ọ̀nà ju orúnkún lọ, nítorí náà bí ẹ̀yìn yín bá le, ẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru yín kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Perú, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìró sílẹ̀ nílé, táyà lè wọ́ ọ. Ṣòkòtò tó nípọn ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ mú gèlè méjì, ti orí àti ti imú.