Ṣé prednisolone ló ń jẹ egungun àbúrò mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 34, ní àrùn ìfun tí wọ́n ń pè ní Crohn. Oṣù kẹrin rèé tó ti ń lo prednisolone, miligíráàmù 20 lójúmọ́. Ẹnì kan sọ fún un pé òògùn náà ń jẹ egungun, ló bá ní òun ò lò ó mọ́. Ẹ̀yìn sì ti ń ro ó. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kó já a lójijì. Láti oṣù mẹ́rin yìí, ẹṣẹ́ kékeré tó wà lórí kíndìnrín, tó máa ń pèsè èròjà tó jọ prednisolone fún ara, ti fà sẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá já òògùn náà, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀, kó máa bì, kó dákú, ó sì lè gba ẹ̀mí. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Òótọ́ lẹni yẹn sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Prednisolone máa ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ egungun dúró, kì í jẹ́ kí ìfun gba calcium tó, ó sì ń jẹ́ kí calcium máa bá ìtọ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ń ṣọṣẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ká ní kò lo òògùn kankan, ìfun tó wú, tó pọ́n, kò ní fi egungun lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn èròjà tí ìfun bẹ́ẹ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń ru àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń wó egungun sókè. Lójú tèmi, Crohn tí a kò kápá ni ká kọ́kọ́ bẹ̀rù. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń padà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dín prednisolone kù, ẹ bi dókítà léèrè òògùn tó lè gba ipò rẹ̀, bí azathioprine.

Ṣé wọ́n ti gé lára ìfun rẹ̀ rí? Ìparí ìfun kékeré ni Crohn sábà máa ń jà sí. Bí ibẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀rá ń bá ìgbẹ́ lọ, fítámínì D á sì tẹ̀ lé e. Kó jáwọ́ nínú sìgá pátápátá, torí ó ń ba egungun jẹ́, ó tún ń mú Crohn le sí i. Rírù tí ara ń rù, ọtí àmujù, àti egungun tó ti dá rí náà wà lára ohun tó ń fi egungun sínú ewu.

Calcium tí ara rẹ̀ nílò lójúmọ́ tó miligíráàmù 1000, pẹ̀lú fítámínì D yúnìtì 800. Ọ̀pọ̀ ń sá fún mílíìkì nítorí inú rírun, wọn kì í sì í fi nǹkan mìíràn dípò. Ẹja kékeré tí a ń jẹ teegun-teegun dára. Bó bá jẹ́ hóró calcium carbonate ni, kó lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, kó má ju miligíráàmù 500 lọ lẹ́ẹ̀kan, kó sì fi wákàtí méjì jìnnà sí òògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin.

Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò DXA, tó ń wọn bí egungun ṣe ki tó. Nítorí pé kò tíì pé 50, Z-score, ìwọ̀n tó ń fi egungun rẹ̀ wé ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ni kí wọ́n wò: −2.0 sísàlẹ̀ túmọ̀ sí pé egungun rẹ̀ kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yìn ríro, bó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, bóyá níbi tó ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi, tàbí tó ń dùn ún bí wọ́n bá fi ìka tẹ egungun ẹ̀yìn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild lọ́sẹ̀ yìí fún X-ray, kí wọ́n wò ó bóyá egungun ẹ̀yìn ti dá. Abẹ́ OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ifẹ̀, ni wọ́n wà, wọ́n sì lè fi í ránṣẹ́ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ibi tí itan ti so mọ́ ìbàdí ló ń dùn ún nígbà tó bá ń rìn, ẹ sọ ìyẹn lọ́tọ̀: sítẹ́rọ́ìdì, irú òògùn tí prednisolone jẹ́, lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà sí orí egungun itan, X-ray àkọ́kọ́ kì í sì í fi í hàn nígbà mìíràn, MRI ló ń rí i.